Àṣìṣe tó ń sọ gíríìn tíì di koríko gbígbẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó máa ń rajà lọ́wọ́ mi gbé ọ̀rá gíríìn tíì padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Wọ́n ní ayédèrú ni mo tà fún wọn. Mo tú ọ̀rá náà, mo gbé e símú, òórùn irú ló kọ́kọ́ pàdé mi. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà ni tíì àti irú ti jọ ń sùn láti oṣù mẹ́ta! Ewé tíì tó gbẹ máa ń fa òórùn ohunkóhun tó bá wà nítòsí mọ́ra. Owó gidi ni wọ́n fi rà á. Ó dùn mí.

Èkíní, ẹ yé gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí. Páálí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí ni ọjọ́ yẹn wà fún. Tíì dúdú tí à ń fi mílíìkì mu lè pẹ́ nílẹ̀, torí wọ́n ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ lára ewé rẹ̀ kí wọ́n tó mú un gbẹ. Gíríìn tíì kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru omi ni wọ́n fi ń sè é ní Japan, àwọn ará Ṣáínà sì sábà máa ń yan án nínú agbada gbígbóná, kí àwọ̀ ewé má bàa yí padà. Gbàrà tí ẹ bá ṣí i nílé, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọn ò jẹ́ kó ṣe. Ẹ mu ún tán láàárín oṣù kan sí méjì. Matcha, ìyẹn gíríìn tíì tí wọ́n lọ̀ di ìyẹ̀fun, tilẹ̀ tètè ń bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì, ìgò tó mọ́ gaara lójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ń ba ewé yìí jẹ́. Agolo tí ìdérí rẹ̀ le ni kí ẹ lò.

Ẹ̀kẹta ni fíríìjì, ibẹ̀ gan-an ló ń bí mi nínú. Wọ́n á ní òtútù ló ń tọ́jú tíì. Òótọ́ ni, bí ọ̀rá bá wà ní dídì pa. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí ni pé wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á bù ú, wọ́n á dá a padà, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ wo bí ìgò omi tútù ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì. Bí ewé tó ti tutù ṣe ń làágùn náà nìyẹn tí afẹ́fẹ́ ìta bá kàn án. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò yìí, kílò méjì ni mo kó sínú fíríìsà nígbà òjò. Iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó dé tí gbogbo rẹ̀ tún tutù, ọkàn mi ò balẹ̀, mo já àwọn ọ̀rá náà wò lójú ẹsẹ̀, mo sì dì wọ́n padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé ti lẹ̀ mọ́ra, nǹkan funfun ti hù lára rẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ nù. Mo sunkún.

Tó bá di dandan kí ẹ lo fíríìjì, ẹ pín tíì sínú ọ̀rá kéékèèké, ẹ dì wọ́n pa. Ẹ yọ ẹyọ kan, ẹ fi í sílẹ̀ láìṣí i di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i, kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́.

Ṣíbí tí omi wà lára rẹ̀, rárá. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, rárá.

Ẹ má sì torí ẹ̀dínwó ra kílò kan. Ife kan kì í sábà gbà ju gíráàmù méjì lọ, kílò kan á tó ife 500. Ta ló fẹ́ mu ún tán lóṣù méjì?

Àwọn mìíràn ń pe tíì tó dára ní ògbólógbòó, omi tó ń hó yaya ló sì mú un korò lọ́wọ́ wọn. Omi tó gbóná tó 70 sí 80 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ti tó. Èyí tó gbó lóòótọ́, àwọ̀ rẹ̀ á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á máa rùn bíi koríko gbígbẹ. Tí kò bá ti rin, tí nǹkan kan ò sì hù lára rẹ̀, kì í pani lára, adùn rẹ̀ ló ti lọ.

Ìyá yẹn, mo wọn gíráàmù 50 sínú agolo fún wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, yàrá ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó má dé kíṣìnì rárá."