Abẹ́rẹ́ ni mo fi wọ tíátà: ọ̀rọ̀ fún ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta tó fẹ́ ṣeré tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀

Ní lòkéṣọ̀n, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ya eré, Ìyá Aláṣọ ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Aránṣọ ni mí ní Adátán. Ìtòkú ni ìyá mi ti ń ta àdìrẹ, ẹlẹ́kọ ni tiwọn, èyí tí wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ọdún méjì ni mo fi ń sáré kiri pé mo fẹ́ ṣe tíátà, kò sẹ́ni tó wo ojú mi.

Lọ́jọ́ kan, bọ̀ọ̀dá kan yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní àwọn ń wá ìró àti bùbá mẹ́fà tó bára mu fún àwọn ìyàwó olóyè nínú eré, owó àtirà á ò sì sí. Aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan tí wọn ò tíì san owó tán wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. (Ẹ̀yin ìyá mi, bí ẹ bá rí èyí, ẹ má bínú, mo fọ̀ wọ́n kí n tó kó wọn fún yín.) Mo ní n ó yá wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí aṣọ mi bá ń lọ lèmi náà ń lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó olóyè ò yọjú. Bùbá yẹn sì gba èmi tí mo rán an. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sọ: "Olóyè, oúnjẹ ti délẹ̀."

Nítorí náà, kó o tó béèrè ọ̀nà tó o máa gbà ṣeré, kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ. Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe? Ṣé o mọ gèlè wé ni? Ṣé o ń gẹ irun? O lè tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, o lè se ìrẹsì fún ogójì èèyàn kó má jóná? Gbogbo èyí ni wọ́n ń wá kiri ní lòkéṣọ̀n, àwọn tó fẹ́ sunkún níwájú kámẹ́rà ni wọn kì í wá, torí wọ́n pọ̀ bí eṣú. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ nítorí iṣẹ́ mìíràn ni ojú olùdarí máa ń bọ́ sí lára nígbà tí òṣèré kan bá já wọn kulẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo dá àṣà yìí sílẹ̀. Hubert Ogunde, ọmọ Ososa nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Láyé eré alárìnkiri ìgbà náà, ẹni tó ṣe ìyàwó ọba lórí ìtàgé lálẹ́ lè jẹ́ ẹni tó bá wọn kó ẹrù sínú ọkọ̀ láàárọ̀. Kò tíì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ pé dandan ni kéèyàn kó lọ sí Èkó ńkọ́? Jọ̀ọ́, fi owó ilé yẹn pamọ́. Àwọn aṣeré ń wá bá wa níbí. Ilé alámọ̀ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà wà lẹ́yìn Olúmọ, ilé olówó wà ní Ìbarà, igbó ò sì jìnnà sí ìgboro. Abẹ́òkúta ni Ọdúnladé Adékọ́lá fi ṣe ibùdó, ibẹ̀ náà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Bó o bá dé Èkó láìmọ ẹnì kan, gbogbo owó rẹ á tán sórí ọkọ̀ kó o tó rí ẹni tó máa sọ fún ọ pé ọ́díṣọ̀n, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń yan òṣèré, ti parí lánàá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó tí mo fi ṣòfò. Ọkùnrin kan ní kí n mú 15,000 náírà wá, òun á fún mi ní ipa ọmọ ọba. Mo san án. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ọba yẹn ò tíì jáde láàfin. Gbọ́ mi dáadáa: a kì í sanwó ká tó gba ipa. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ rẹ kó o lè hàn nínú eré, ìwọ gan-an lọjà tó ń tà. Owó ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èyí o. Bó o bá wọ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, wọ́n lè ní kó o ra fọ́ọ̀mù, kó o sì kọ́ṣẹ́ fún àkókò kan kó o tó gba fíríìdọ̀mù, bí ìgbà téèyàn ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n kó o tó san kọ́bọ̀, lọ jókòó wò wọ́n níbi ìgbáradì lẹ́ẹ̀mejì. Béèrè iye oṣù tí ẹ̀kọ́ máa gbà. Wá ẹni tó ti gba fíríìdọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá náà, kó o bi í níkọ̀kọ̀ pé iṣẹ́ mélòó ló ti rí ṣe láti ìgbà náà. Bí wọn ò bá rí ẹnì kan ṣoṣo tọ́ka sí, máa lọ sílé. TAMPAN àti ANTP ni orúkọ ẹgbẹ́ tó o máa gbọ́ jù láàárín àwa òṣèré Yorùbá. Béèrè èyí tí ọ̀gá rẹ wà, nítorí ibẹ̀ lo máa gbé ẹjọ́ lọ bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́.

Ọ̀kan tún kù tí n kò ní fi ṣeré. Ọ́díṣọ̀n kì í wáyé nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í sì í jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mú ẹnì kan dání. Bí wọ́n bá ní kí ẹni náà dúró síta, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa lọ. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́.

Ẹ̀kọ́ tí kò gbowó ló pọ̀ jù. Mo máa ń ra ìwé ìròyìn Aláròyé, mo sì máa ń kà á sókè láàárọ̀ kùtù kí oníbàárà tó dé, ojú ìwé kan lójúmọ́, tí n ó fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara mi, ojú tì mí. Mò ń gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì bí ẹni ń gbé ọkà mì. Oṣù mẹ́ta ló gbà kó tó lọ. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ bọ́ ahọ́n Ẹ̀gbá rẹ dànù. Kọ́ Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ mọ́ ọn ni, kó o lè máa pààrọ̀ wọn bí aṣọ. Èyí tó tún dáa jù lójú mi ni pé kó o lọ sí ọjà Ìtòkú tàbí Kútọ̀, kó o wo èèyàn méjì tó ń nájà, ibi tí ọwọ́ wọn ń lọ, ìgbà tí oníbàárà ṣe bí ẹni fẹ́ máa lọ tí kò sì fẹ́ lọ. Délé, kó o ṣe é fún ẹni tó mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ni adájọ́ tèmi. Bí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé mo parọ́ níbì kan.

Ẹkún, ẹkún, ẹkún! Kí ló ṣe yín tó jẹ́ pé bí a bá ní kí ọ̀dọ́ kan ṣe nǹkan ká wò, ẹkún ló máa bú sí? Èmi náà ṣe é. Nínú eré àkọ́kọ́ tí wọ́n ti fún mi lọ́rọ̀ tó gùn, mo sunkún títí ikun fi bo ẹnu mi. Olùdarí ní, "Àǹtí, ẹ ti sunkún tán, ó ku ọ̀rọ̀." Gbígbọ́ ló ṣòro. Bí ẹnì kejì rẹ bá ń sọ̀rọ̀, kámẹ́rà lè wà lójú rẹ ní gbogbo ìgbà náà, bó o bá sì ń ka ọ̀rọ̀ tó kàn sínú, ojú rẹ á tú ọ fó.

Nǹkan mìíràn tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé eré kì í lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé bí a ṣe ń wò ó nílé. Wọ́n lè ya ìsìnkú rẹ ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n wá ya ìgbéyàwó rẹ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìran kan náà, wọ́n máa yà á láti òkèèrè, wọ́n á tún yà á láti itòsí, ọwọ́ tó o fi gbé ife lákọ̀ọ́kọ́ lo gbọ́dọ̀ máa fi gbé e títí wọ́n fi máa yà á tán. Ohun tí wọ́n ń pè ní kọntinúìtì nìyẹn, ó sì ti dá sẹ̀ríà fún mi. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ya ibi tí mo ti ń kan ilẹ̀kùn, ṣùkú ni mo dì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fẹ́ ya inú ilé. Èmi ti lọ di kojúsọ́kọ lálẹ́ Ẹtì nítorí òde ìgbéyàwó. Obìnrin tó fi ṣùkú kan ilẹ̀kùn á wá fi kojúsọ́kọ wọ pálọ̀! Wọ́n ní láti wé gèlè fún mi, kí wọ́n tún padà ya ti ẹnu ọ̀nà, àárín ọ̀sán ni oúnjẹ tó kan gbogbo ilé. Oṣù mẹ́rin ni ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò fi pè mí. Látìgbà náà, bí mo bá ti kúrò níwájú kámẹ́rà, mo máa ń ní kí ẹnì kan fi fóònù mi ya mí láti orí dé ẹsẹ̀, mi ò sì ní fọwọ́ kan irun títí wọ́n á fi kó ẹrù.

Bó o bá fẹ́ kọ̀wé sí ẹni tó ń kó òṣèré jọ, má kọ ìtàn ìyà tó ń jẹ ọ́. Àwòrán méjì ló tó, ojú nìkan àti gbogbo ara, nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, láìsí àtúnṣe fóònù tó ń sọ èèyàn di bébà. Lẹ́yìn náà:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Orúkọ mi ni báyìí báyìí, Adátán ni mò ń gbé. Mo lè ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ ilé ìwé àti ìyàwó ilé. Aránṣọ ni mí, mo ní àdìrẹ àti aṣọ òkè tí ẹ lè lò. Àwòrán mi rèé. Ẹ ṣé sà."

Ó parí. Má pe wọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, o lè kí wọn.

Owó ńkọ́? Àwọn wáká-páàsì, ìyẹn àwọn tó kàn ń kọjá tàbí tó jókòó síbi ayẹyẹ, lè má rí ju oúnjẹ àti owó ọkọ̀ lọ, ìgbà mìíràn oúnjẹ nìkan ni. Béèrè kó o tó jáde nílé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé owó ọkọ̀ wà níbẹ̀?" Kì í ṣe àfojúdi. Èmi ń dá àjọ ojúmọ́ nínú owó aṣọ, ìyẹn ni mo fi ń wọ ọkọ̀ bí wọn ò bá san. Oníbàárà tí mo lè rán aṣọ fún ní ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́wàá ni mo máa ń dá fún un, torí tíátà kì í sọ tẹ́lẹ̀. Fídíò kékeré tìẹ náà wúlò, ìṣẹ́jú kan, èèyàn méjì, nínú àgbàlá. Ohùn ni kó o ná owó lé, ra máíkì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn aṣọ. Aráyé máa ń fàyè gba àwòrán tí kò dán, wọn ò ní gba ariwo jẹnẹrétọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá pè ọ́, bí wọ́n bá ní aago méje, kó o ti wà níbẹ̀ ní mẹ́fà ààbọ̀. Máa kí gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀, títí dórí ẹni tó ń gbé iná. Ohun tó máa wà nínú báàgì rẹ ni omi, gààrì àti ẹ̀pà, sálúbàtà, ìró kan tó o lè fi bora, páwúdà, ṣájà, píìnì méjì mẹ́ta, owó tó máa gbé ọ délé bí ilẹ̀ bá ṣú. Mú abẹ́rẹ́ náà dání, pẹ̀lú òwú dúdú àti funfun. Bọ́tìnì ẹnì kan máa já.