Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Gbé Àfojúsùn Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Kalẹ̀ fún Ara Rẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Èkó máa ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò iṣẹ́ wọn pé àwọn fẹ́ túbọ̀ mọ kọ̀ǹpútà lò. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún kà, ṣùgbọ́n kò ṣe é fi ṣiṣẹ́, nítorí pé kò sọ ohun tí olùkọ́ náà yóò mọ̀ ọ́n ṣe, kò sọ kíláàsì tí yóò ti ṣe é, kò sì dá ọjọ́ kankan. Bí sáà bá parí, òun fúnra rẹ̀ kò ní lè sọ bóyá òun ti débẹ̀ tàbí òun ò tíì débẹ̀. Àfojúsùn tí ó ní láárí ni èyí tí olùkọ́ ẹgbẹ́ ẹni lè jókòó sẹ́yìn kíláàsì wò, kí ó sì jẹ́rìí sí i pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí olùkọ́ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ rárá. Kí ó mú ìlànà iṣẹ́ sáà náà, kí ó jókòó tì í pẹ̀lú bírò pupa, kí ó sì fa ilà sábẹ́ irú nǹkan méjì: àwọn orí-ọ̀rọ̀ tí kì í yé àwọn ọmọ bí ó ti wù kí a fi ṣọ́ọ̀kì yà á tó lójú pátákó, àti àwọn iṣẹ́ ìwé tí ó ń jẹ ọjọ́ Sátidé mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká àti bí iná ṣe ń ṣàn nínú sákíìtì wà lára ti àkọ́kọ́. Broadsheet, ìyẹn ìwé tí a ń kọ máàkì gbogbo ọmọ kíláàsì sí, àti káàdì èsì wà lára ti èkejì. Láti inú ibi tí ó fa ilà sí ni àfojúsùn yóò ti jáde. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gba Computer Village ní Ìkẹjà lọ, ohun tí ọlọ́jà bá kì í lọ́wọ́ ni yóò gbé bọ̀, owó oṣù á sì ti lọ kí ó tó rí i pé ojú ihò VGA ni purojẹ́tọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní, tí kọ̀ǹpútà tuntun náà kò sì ní ju HDMI lọ, tí wáyà kan náà kò sì lè so méjèèjì pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ó dúró sí. Àjọ UNESCO ti ṣe ìlànà kan fún irú àyẹ̀wò yìí, tí ẹ̀dà rẹ̀ kẹta jáde ní ọdún 2018. Ó pín iṣẹ́ olùkọ́ sí ẹ̀ka 6, ó fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìpele 3, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìmọ̀-ọ́n-ṣe 18. Ní ìpele kìíní, olùkọ́ ń fi ẹ̀rọ ti ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn. Ní ìpele kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ẹ̀rọ wá ojútùú sí ìṣòro gidi. Ní ìpele kẹta, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ẹ̀rọ ṣẹ̀dá ìmọ̀ tuntun. Àwọn kan máa ń fẹ́ fò dé ìpele kẹta lọ́dún àkọ́kọ́. Ní tèmi, ìpele kìíní tó ọdún kan gbáko fún olùkọ́ tí ó ní kíláàsì márùn-ún láti kọ́, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ìlànà UNESCO bá dà bí ohun tí ó pọ̀ jù, ẹ pín ojú ìwé kan sí mẹ́ta. Ẹ kọ ohun tí ẹ lè dá ṣe láìpe ẹnikẹ́ni sí apá kan, ohun tí ẹ lè ṣe bí ẹnìkan bá dúró tì yín sí àárín, àti ohun tí ẹ kò fọwọ́ kàn rí sí apá kẹta. Àárín ni kí ẹ ti mú àfojúsùn sáà yìí, nítorí pé ohun tí a kò fọwọ́ kàn rí sábà máa ń gbà ju sáà kan lọ. Òótọ́ ni kí a bá ara wa sọ o. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tí ó ti ń ka ẹ̀kọ́ EKOEXCEL, ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, lójú tábúlẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2020 mọ bí a ṣe ń ṣí ẹ̀kọ́ tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kíkọ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ó sì lè jẹ́ pé apá kẹta ni ibi tí ó yẹ kí ó kọ ọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń lo WhatsApp láti òwúrọ̀ di alẹ́ ṣe lè má mọ bí a ṣe ń so fáìlì mọ́ ímeèlì.

Ó wá ku bí a óò ṣe kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ Físíìsì kan ní Súrùlérè tí ó fẹ́ kọ́ SS1 ní ẹ̀kọ́ sákíìtì. Bí ó bá kọ pé “mo fẹ́ máa lo ẹ̀rọ nínú Físíìsì,” kò tíì kọ nǹkan kan. Kí ó kọ ọ́ báyìí: “Kí ọ̀sẹ̀ kẹfà tó parí, n ó ti fi àfarawé PhET kọ́ SS1 B ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín sákíìtì séríìsì àti ti párálẹ́ẹ̀lì, láti orí kọ̀ǹpútà mi, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì nínú kíláàsì, n ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè márùn-ún kan náà ṣáájú ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀.” PhET jẹ́ àkójọ àfarawé ìdánwò sáyẹ́ǹsì tí a ń ṣe lójú kọ̀ǹpútà. Yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ni ó ni ín, Carl Wieman, onímọ̀ Físíìsì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2002. Ọ̀fẹ́ ni, a sì lè gba èyí tí a fẹ́ sórí kọ̀ǹpútà nílé kí a sì ṣí i níbi tí kò ti sí dátà. Nínú gbogbo gbólóhùn tí olùkọ́ yìí kọ, ti íntánẹ́ẹ̀tì ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó ń sáré ní agogo mẹ́fà àárọ̀ lè má gbéra nílẹ̀ ní agogo mọ́kànlá.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo níwájú ọgọ́ta ọmọ kì í ṣe ìdíwọ́ bí a bá mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ ya gílóòbù méjì tí a tò tẹ̀ lé ara wọn sójú pátákó, kí ó sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí èkejì bí a bá yọ ọ̀kan. Kí gbogbo wọn fi bírò sílẹ̀ kí ó tó pe ọmọ kan wá síwájú láti yọ gílóòbù náà lójú ẹ̀rọ. Èkejì á kú. Kí wọ́n tún un ṣe ní párálẹ́ẹ̀lì, níbi tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan ti ní ọ̀nà iná tirẹ̀, èkejì á máa tàn nìṣó, ariwo á sì sọ. Ohun tí ọmọ ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó mú kí ó fẹ́ mọ èsì. Bí kò bá kọ nǹkan kan, sinimá lásán ni yóò wò. Nítorí náà, apá kan àfojúsùn olùkọ́ yìí kò sí lórí ẹ̀rọ rárá: bí yóò ṣe béèrè ìbéèrè ni.

Fún ẹni tí iṣẹ́ ìwé ń dà láàmú, kí ó mú broadsheet. Bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 60 bá bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 2 dé ìlà 61 nínú Excel, tí àpapọ̀ máàkì sì wà ní òpó F, ohun tí yóò tẹ̀ láti mọ ipò ọmọ àkọ́kọ́ ni =RANK(F2,F$2:F$61), lẹ́yìn náà ni yóò fà á dé ìsàlẹ̀. Àmì dọ́là méjì yẹn ni ó di iye ìlà mú kí ó má bàa sún. Bí a bá gbàgbé wọn, ibi tí Excel ń wò á máa sún sísàlẹ̀ bí a ṣe ń fà á, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn nínú rẹ́jísítà á sì gba ipò kìíní, ìbáà jẹ́ òdo ni ó gbà, nítorí pé òun nìkan ni ẹ̀rọ rí. Bí ọmọ méjì bá jọ ṣe ipò karùn-ún, Excel yóò fún ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn ní ipò keje, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe é lórí káàdì èsì. Àfojúsùn tí ó bá èyí mu ni kí olùkọ́ ṣe broadsheet kíláàsì kan fúnra rẹ̀ láti orí ojú ìwé òfìfo kí ìsinmi àárín sáà tó dé, kí ó sì fi kálíkúlétọ̀ yẹ ọmọ mẹ́wàá wò nínú rẹ̀.

Olùkọ́ Yorùbá ní àfojúsùn kan tí kò yẹ kí ó fò, ìyẹn ni kí ó lè tẹ ìbéèrè ìdánwò fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ ṣì ń kó ìwé lọ bá àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, tí ìbéèrè á padà wá láìní àmì, tí wọn á wá máa fi bírò ṣe àtúnṣe rẹ̀. Lórí fóònù, ẹ lọ sínú ètò Gboard, àtẹ ìtẹ̀wé ti Google, kí ẹ fi Yorùbá kún èdè rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ètò ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní Keyman ní àtẹ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi pamọ́ bíi PDF kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti tẹ̀ ẹ́ jáde, kí fọ́ǹtì ẹ̀rọ wọn má bàa sọ àwọn àmì náà di àpótí kéékèèké.

Ẹni tí ó ń kọ́ SS3 kò tilẹ̀ níláti wá àfojúsùn jìnnà. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò UTME sórí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, ọmọ tí kò sì di eku kọ̀ǹpútà mú rí ń fi ìṣẹ́jú ṣòfò níbẹ̀. Kí olùkọ́ kọ́ bí a ṣe ń sọ Google Forms, ìyẹn fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, di ìdánwò tí ń máàkì ara rẹ̀, kí ó sì fi orí-ọ̀rọ̀ kan dán an wò. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò gba fóònù láàyè, nítorí náà kí ó ṣètò rẹ̀ sí yàrá kọ̀ǹpútà tàbí kí ó fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi fóònù òbí ṣe é nílé.

Àkókò àti iná kò ṣe é fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Olùkọ́ tí ń ti Ìkòròdú lọ sí Òbáléǹdé lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ tan ara rẹ̀ jẹ pé òun yóò máa fi alẹ́ kọ́ Excel. Kí ó wá ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá lọ tán, kí ó sì kọ ọ́ sínú àtẹ àkókò rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gba fídíò sílẹ̀, kí ó mú 480p dípò 720p, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ jù ú lọ, kò ní gbà tó bẹ́ẹ̀ lára dátà, ojú ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lára ògiri. Gbogbo àfojúsùn ni ó gbọdọ̀ ní ọ̀nà kejì fún ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ: àwòrán tí a ti tẹ̀ jáde, tàbí bátìrì àti gílóòbù gidi tí a gbé sórí tábìlì.

Ní ti ẹni tí yóò ràn wá lọ́wọ́, àgùnbánirọ̀ tàbí olùkọ́ kékeré ni ó sábà máa ń mọ̀ ọ́n jù, ọjọ́ orí kò sì gbọdọ̀ dí àgbà lọ́wọ́ láti béèrè. Ìṣòro tí mo máa ń rí ni pé ọmọ náà, nítorí ọ̀wọ̀, á gba eku kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àgbà: “Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, mà.” Iṣẹ́ á parí láàárín ìṣẹ́jú kan, màmá kò sì ní mọ nǹkan kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ẹ sọ fún un pé, “Ọmọ mi, má tẹ̀ ẹ́ o, sọ ibi tí mo máa tẹ̀ fún mi.”

Bí ìmọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, ìṣọ́ra náà níláti pọ̀ sí i. Broadsheet tí a fi sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí ti fi máàkì ọmọ gbogbo han ojú gbogbo. Ti ọmọ kọ̀ọ̀kan ni kí a fi ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ń béèrè ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìdánimọ̀ ọmọdé, nítorí náà, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé fídíò kíláàsì jáde.

Ẹ tọ́jú ẹ̀rí. TRCN, àjọ tí ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ń fẹ́ kí olùkọ́ máa kún ìmọ̀ rẹ̀ láti lè sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun, ìyẹn sì ti sọ àwọn kan di akówèé-ẹ̀rí-jọ, tí wọ́n ń ṣí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí Zoom sílẹ̀ tí wọ́n ń gún ata lọ. Èsì ìbéèrè márùn-ún tí SS1 B dáhùn ṣáájú ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìlà mẹ́ta tí olùkọ́ ẹgbẹ́ ẹni tí ó wá wo ẹ̀kọ́ náà kọ, níyì lójú mi ju mẹ́wàá irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárín sáà, ẹ ṣí ojú ìwé tí ẹ kọ àfojúsùn sí. Bí ó bá ti hàn pé ọwọ́ kò ní tó o, ẹ má ṣe sún ọjọ́ síwájú. Iṣẹ́ náà ni kí ẹ dín kù. Dípò séríìsì àti párálẹ́ẹ̀lì, ẹ mú séríìsì nìkan, kí ẹ fi párálẹ́ẹ̀lì ṣe àkọ́kọ́ nínú àfojúsùn sáà tí ń bọ̀, kí ẹ sì ti dá ọ̀sẹ̀ tí ẹ óò kọ́ ọ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó padé.