Ẹ Má Fi Káàdì Ọmọ Pamọ́ Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́sàn-án

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún òbí àti ìyá àgbà

Wọ́n gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún 4 kan wá bá wa nítorí pé iléèwé kò gbà á. Kò sọ̀rọ̀ rí. A yẹ etí rẹ̀ wò, kò gbọ́ràn. Ìyá rẹ̀ rántí pé ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí i, wọ́n sì ń gbé e sí oòrùn. Káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, gbogbo rẹ̀ pé títí dé oṣù 9. Lẹ́yìn ìyẹn, òfo. Ó lé ní ọdún 3 tí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò fojú kan ọmọ náà.

A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tàbí bí wọ́n ṣe ń fún un lọ́mú. Ẹ mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe tí à ń rí lójoojúmọ́ ni pé bí ọmọ bá ti gba abẹ́rẹ́ èèyi ní oṣù 9, ẹ gbà pé ó parí. Kò parí. Èèyi ẹlẹ́ẹ̀kejì wà ní oṣù 15. Ẹ gbé ọmọ wá lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí ó wo ìdàgbàsókè rẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n nìkan. Ẹ tún gbé e wá ní oṣù 18, ní ọdún 2 àti ní ọdún 2 ààbọ̀, bí kò tiẹ̀ sí abẹ́rẹ́, bí ara rẹ̀ tiẹ̀ le koko. Bí èrò bá pọ̀, ẹ dúró.

Ní oṣù 9, kí ọmọ lè jókòó láìfara ti nǹkan. Ní ọdún 1, kí ó lè di àga mú dìde, kí ó sì máa juwọ́ ó dàbọ̀. Ní oṣù 18, kí ó máa rìn láìdi nǹkan mú, kí ó sì máa nàka sí ohun tó wù ú kí ẹ̀yin náà lè rí i: ewúrẹ́, mọ́tò, bàálù tó ń kọjá. Ẹ fojú sí ìka yẹn dáadáa. Ọmọ tí kì í nàka, tí kì í wojú ẹni, tí kì í dáhùn orúkọ rẹ̀, ẹ gbé e wá lọ́sẹ̀ náà. Ẹ má pè é ní ẹmẹ̀rẹ̀, ẹ má sì nà án. Ní ọdún 2, kí ó máa so ọ̀rọ̀ 2 pọ̀: “Omi dà?”, “Mọ́mì wá.” Ní ọdún 2 ààbọ̀, nǹkan bí 50 ọ̀rọ̀. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ 7, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀.

Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú àkókò rẹ̀, ẹ yọ oṣù 2 nínú ọjọ́ orí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 2. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ṣe nǹkan tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe é mọ́, bóyá ó ń sọ̀rọ̀ tí ó dákẹ́, kò sí ìṣirò níbẹ̀. Ẹ gbéra.

Ní ti etí, ẹ dẹ́kun ilẹ̀kùn pípa gbàgà. Ọmọ tí kò gbọ́ràn pàápàá yóò fò, nítorí ilẹ̀ mì. Ẹ pa rédíò. Kí ẹnì kan fi ohun ìṣeré dí i lọ́wọ́ níwájú. Kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn rẹ̀ ní mítà 1, kí òjìji yín má bọ́ síwájú rẹ̀. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn tí ẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀, ìgbà 3, kí ẹ sinmi díẹ̀ láàárín. Bí kò bá bojú wẹ̀yìn, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá tún dáhùn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá dáhùn, ẹ ṣì gbé e wá ní ọjọ́ rẹ̀.

“Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.” Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ ọdún ọ̀pọ̀ ọmọ. Àwọn mìíràn ní èdè méjì ló dà á lọ́kàn rú. Irọ́ ni. Yorùbá kò dí ọmọ kankan lọ́wọ́ àtisọ̀rọ̀. Nítorí èyí, àwọn ìyá kan ti pa èdè tó yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu tì, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀, ìwọ̀nba ni ọmọ sì ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ máa ki oríkì rẹ̀. Ẹ kọrin fún un.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ: bí ẹyinjú ọmọ bá pọ́n bí ìyeyè, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe omi glukósì, nítorí bí ó bá pọ̀jù, ó lè ba etí ọmọ jẹ́. Bí ó bá pọ́n kí wákàtí 24 tó pé tí wọ́n bí i, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́. Káńfọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú aṣọ ọmọ, hóró 1 pàápàá, nítorí ó lè mú kí ẹyinjú àwọn ọmọ kan pọ́n bẹ́ẹ̀.

Ilé ìlera alábọ́ọ́dé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá kọ lẹ́tà fún yín sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, ẹ lọ kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sí dání, àti káàdì rẹ̀, bó tiẹ̀ ti ya.