Kí ẹ tó ra ọ́ìlì, ẹ wo ìdérí ẹ́ńjìnnì yín ná

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà mi ń bi mí jù ni, "Ọ̀gá, ṣé ọ́ìlì tó ki ni kí n rà ni, àbí èyí tó ṣàn?" Èmi náà á bi wọ́n pé kí ni wọ́n kọ sórí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Ọ̀pọ̀ wọn ò wò ó rí. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àkísà nu ìdérí yẹn dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ ó rí 0W-20, 5W-30 tàbí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ yẹ ìwé ìlò tó bá ọkọ̀ wá wò, níbi tí wọ́n ti sọ iye lítà ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń gbà. Ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì ló kọ ọ́ síbẹ̀, òun ló sì mọ bí àlàfo tó fi sáàárín irin àti irin ṣe fẹ̀ tó. Èmi tí mo ń tú u, mi ò mọ̀ ọ́n tó o.

Nọ́ńbà méjèèjì ò sọ ohun kan náà. Èyí tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ṣàn nígbà òtútù, tí ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná. Bó bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì ṣe tètè ń dé òkè ẹ́ńjìnnì láàárọ̀: wọ́n ń dán 0W wò ní -35°C, 5W ní -30°C, 10W ní -25°C, 15W ní -20°C, 20W ní -15°C, bóyá ẹ́ńjìnnì á lè yí. Nọ́ńbà kejì ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá ti gbóná dé 100°C. Nínú òṣùwọ̀n SAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́rọ tó ṣètò nọ́ńbà wọ̀nyí, 20 bẹ̀rẹ̀ láti 6.9 cSt (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), ó parí kó tó pé 9.3, 30 gbà á níbẹ̀ títí kó tó pé 12.5, 40 lọ títí kó tó pé 16.3.

Àwọn kan máa ń sọ pé 5W-30 ń ṣàn láàárọ̀, ó wá ń ki bó bá gbóná. Irọ́ ni. Kò sí ọ́ìlì tí kì í ṣàn sí i bí iná bá ti mú un. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé ní òtútù, kò ki kọjá ibi tí 5W dé. Nínú ooru, kò ṣàn kọjá ibi tí 30 dé.

Èyí tó wá ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ti ojú ọjọ́. Wọ́n á ní, "Oòrùn mú níbi tí mò ń gbé, 20W-50 ló yẹ mí." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Thermostat wà nínú ọkọ̀ yín láti mú kí omi tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká wà ní nǹkan bíi 90°C. Ìbáà jẹ́ 10°C ló wà níta, ìbáà jẹ́ 35°C, bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán, ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ní yàtọ̀ púpọ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló kan ojú ọjọ́. Ti ẹ́ńjìnnì ni nọ́ńbà kejì. Ẹni tó bá ń fa ẹrù wúwo tàbí tó ń gun òkè láti àárọ̀ dalẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ìwé ìlò mìíràn sì máa ń gba irú wọn láàyè láti lo èyí tó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ọ́ìlì tó ki jù ń ṣe? Kì í tètè wọ àlàfo tóóró. Nínú ẹ́ńjìnnì òde òní, agbára ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló ń yí camshaft, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, síwá sẹ́yìn kí fáàfù lè ṣí lásìkò tó yẹ. Oníbàárà kan gbé ọkọ̀ wá, iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà ń pariwo camshaft. Ó ti ra sẹ́ńsọ̀ tuntun, iná ò kú. Mo fa gééjì, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, mo fi ọ́ìlì rẹ̀ ra ìka: 20W-50, nínú ẹ́ńjìnnì tó ń bèèrè 0W-20! A dà á nù, a pààrọ̀ fílítà, a da èyí tó tọ́ sí i, a pa iná náà rẹ́. Kò tàn mọ́. Ní ti ọ́ìlì tó ṣàn jù, ewu tirẹ̀ ni pé níbi tí ìnira bá ti pọ̀, kò ní lè ya irin kúrò lára irin, bẹ́árìn ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó ńkọ́? Kìlómítà nìkan ò tó láti yí ọ́ìlì padà. Bó bá ń jẹ ọ́ìlì, tí èéfín aláwọ̀ aró ń jáde, tí ìwé ìlò sì dárúkọ ju oríṣi kan lọ, ẹ lè gòkè ní ìpele kan, bíi láti 5W-30 sí 5W-40. Ẹ má fò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń dún kó-kó-kó, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ: ọ́ìlì tó ki á pa ariwo náà mọ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tún bẹ́árìn tó ti jẹ ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn agbára ọ́ìlì yẹn kẹ́ ẹ tó náwó. Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ fún yín ló máa ń nílò ọ́ìlì tó ki jù!

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ẹ wo lẹ́tà API, àjọ elépo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń sọ ipele ọ́ìlì, lára gálọ́ọ̀nù. SP, tó jáde ní 2020, lè dípò SN ti 2010 nínú ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ní turbo, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, tó sì ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, ló nílò SP jù. Ti dísẹ́ẹ̀lì, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C ni, irú bíi CK-4. Alùpùpù tí clutch rẹ̀ ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n kọ JASO (òṣùwọ̀n ilẹ̀ Japan) MA tàbí MA2 sí lára, torí ọ́ìlì ọkọ̀ kan lè mú kí clutch máa yọ̀.

Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ẹ ò rí irú tiyín, ẹ da èyí tó sún mọ́ ọn sí i. 10W-30 lórí 5W-30 sàn ju kẹ́ ẹ máa wakọ̀ láìsí ọ́ìlì tó tó. Ẹ dá ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú mélòó kan kẹ́ ẹ tó fa gééjì yọ. Àárín àmì méjèèjì ló yẹ kó wà, kó má kọjá ti òkè. Ẹ má jẹ́ kí dúdú rẹ̀ dẹ́rù bà yín, ìdọ̀tí tó ń gbé ló sọ ọ́ dúdú. Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ tán, ẹ kọ nọ́ńbà ọ́ìlì àti kìlómítà ọjọ́ náà sórí páálí kékeré, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí mẹkáníìkì tó bá tún ṣí i má baà fojú díwọ̀n.