Bí A Ṣe Ń Fi Abẹ́rẹ́ Wo Agbára Òòfà Ilẹ̀ Ayé ní Ìbàdàn

Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so abẹ́rẹ́ ìránṣọ ní àárín, kí ẹ sì máa sún òwú náà díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ yóò fi dúró láìfì sápá kan; ẹ má kánjú níbí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ẹ kán gọ́ọ̀mù sí ojú ìdè náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òòfà fà á lára nígbà 30, láti ìdí dé ẹnu, ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ẹ gbé e kọ́ jìnnà sí géètì onírin, jẹnẹrétọ̀ àti fóònù. Yóò na àríwá òun gúúsù, ṣùgbọ́n apá tó kọjú sí gúúsù yóò rẹlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé òkè Ọya ni ìlà tí agbára òòfà ayé ti tẹ́jú gbà kọjá, àwa ará Ìbàdàn sì wà ní gúúsù rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, apá àríwá ni ìbá tẹ̀ wọlẹ̀, ju ìwọ̀n 60 lọ. Ohun ìyanu gbáà ni lójú mi.

Ní nǹkan bíi kìlómítà 100 lókè ìlà yẹn, ìtànṣán oòrùn a máa sọ afẹ́fẹ́ di plasma, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí iná mànàmáná lè gbà kọjá, iná mànàmáná a sì máa ṣàn nínú rẹ̀ lọ́sàn-án. Abẹ́rẹ́ yìí kò lè gbọ́ ìyẹn. Ẹ̀rọ rédíò ni àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn fi ń wo plasma náà ní 1957 sí 1958.