Àdánù ló jẹ déṣíbẹ̀lì mi, kì í ṣe kírísítálì

Mò ń ṣe ìmọ́lẹ̀ squeezed, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ lésà tí a rẹ ariwo rẹ̀ sílẹ̀ ju ti ìmọ́lẹ̀ lásán lọ. Mo ti san owó gọbọi lórí kírísítálì PPKTP kejì (òun ló ń ṣe ìmọ́lẹ̀ náà) kí n tó mọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ò lẹ́ṣẹ̀ kankan. Ó ń dùn mí títí di báyìí. Ìmọ́lẹ̀ squeezed tó ń jáde nínú cavity (àwọn dígí tí ìmọ́lẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn, tí kírísítálì wà nínú rẹ̀) yẹ kó rẹ ariwo sílẹ̀ ní 10 dB (déṣíbẹ̀lì; ariwo á ku ìdá kan nínú mẹ́wàá), àmọ́ 3.5 dB péré ni mo ń rí. Bí mo bá fi kún pump (lésà tó ń fún kírísítálì lágbára), antisqueezing nìkan (ariwo tó ń pọ̀ sí i ní apá kejì ìmọ́lẹ̀ náà) ló ń ga.



Àdánù ni wàhálà. Fótọ́ọ̀nù (ẹyọ ìmọ́lẹ̀) tó bá sọnù lọ́nà, ariwo vacuum (ariwo tó wà níbi tí kò sí ìmọ́lẹ̀ rárá) ló ń wọlé gba ipò rẹ̀. Ẹni tó ní 10 dB, tí ìdá 10 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá sọnù, 7.2 dB ló kù sí i lọ́wọ́.

Photodiode mi (ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná) ní gíláàsì lójú, ìdá 0.80 ìmọ́lẹ̀ ló ń mú. Mo fi èyí tí kò ní gíláàsì rọ́pò rẹ̀, ó di 0.98. Mo nu eruku ojú dígí, ìdá ìmọ́lẹ̀ tó ń la ọ̀nà já kúrò ní 0.95, ó di 0.97.

Visibility (bí ìtànṣán squeezed àti ti local oscillator, lésà tó lágbára tí a fi ń wọ̀n ọ́n, ṣe bára mu tó) ló fojú mi rí màbo. 0.90 ni, mo sì rò pé ó tó. Kò tó rárá! Homodyne (ọ̀nà ìwọ̀n tó ń da ìtànṣán méjèèjì pọ̀ sórí photodiode méjì) ń sọ nọ́ńbà yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀: 0.90 lọ́nà 0.90 jẹ́ 0.81, ìdá 19 ti lọ. Láti wọn visibility, mo rán seed (lésà kékeré tó ń tọ ọ̀nà squeezed) gba inú cavity, mo mú agbára rẹ̀ bá ti local oscillator dọ́gba, mo ń fi piezo (ohun kékeré tí iná ń sún) mi dígí, mo ń ka ibi tó mọ́lẹ̀ jù àti ibi tó ṣókùnkùn jù. Mo yí dígí, yí dígí, ó kọ̀ jálẹ̀. Bí ìtànṣán méjèèjì ṣe fẹ̀ tó ní beamsplitter (dígí tó ń da wọ́n pọ̀) ni kò dọ́gba, dígí ò sì lè wo ìyẹn sàn. Lẹ́ǹsì ni. Mo sún ti local oscillator díẹ̀díẹ̀, milimítà kan lẹ́ẹ̀kan, títí ó fi dé 0.99.

Ó di 7 dB! Inú mi dùn gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ dí ọ̀nà squeezed, kí ẹ wọn shot noise (ariwo ìmọ́lẹ̀ lásán, tí a fi ń díwọ̀n squeezing). Bí agbára local oscillator bá di ìlọ́po méjì, ó gbọ́dọ̀ gòkè ní 3 dB géérégé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ariwo lésà ló ń jò wọlé. Ẹ tún ìdọ́gba photodiode méjèèjì ṣe.

Ìṣirò ní 7.9 dB ló yẹ. Gbígbọ̀n fáàsì (ipò ìgbì ìmọ́lẹ̀) ló gbé èyí tó kù, nítorí náà mo ti ń kan àpótí tí màá fi bo tábìlì kí atẹ́gùn má bàa kan ìtànṣán.