Ògì Lásán Kò Tó Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń bá wa wo ọmọ: ọmọ lè yó kó má rí oúnjẹ jẹ. Ọmọ oṣù mẹ́jọ mu ife ògì kan, ikùn rẹ̀ yọ, ó sùn. Omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó mu. Nígbà tí a sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú ohun tó ń mú ọmọ dàgbà ti bá èèrí lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ọmú nìkan ni. Kò sí omi, kò sí àgbo. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n díẹ̀, ẹ má fún un dà nù. Òun ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ àìsàn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ fi sóyà kún ògì rẹ̀: kóńgò àgbàdo mẹ́ta sí kóńgò sóyà kan. Ẹ rẹ àgbàdo bí ẹ ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí ẹ máa lọ̀ ọ́, ẹ ṣa sóyà, ẹ sè é fún 30 ìṣẹ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀ bí ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, kí ẹ pò ó mọ́ àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ. Ẹ má lọ sóyà ní tútù: ó korò, kì í sì í dà dáadáa nínú ọmọ. Tí ẹ bá fẹ́ fún un jẹ, ẹ jẹ́ kó ki. Ẹ fi ṣíbí bù ú, ẹ dà á díẹ̀. Bó bá ṣàn bí omi, kò tíì tó. Ẹ fi epo pupa díẹ̀ sí i, àti edé lílọ̀ tàbí ẹja gbígbẹ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀. Ẹ̀pà lílọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti bu tàbí tó korò, ẹ dà á nù, májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀, orí tapólì ni kí ẹ ti sá a, kì í ṣe orí ilẹ̀.

Láti oṣù 6 sí 8, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láti oṣù 9, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kí ọmú ṣì máa lọ títí di ọdún méjì, ó kéré tán.

Wọ́n ní ẹyin máa ń sọ ọmọ di olè. Mo bẹ yín, ẹ fún un.

Ìyá ńkọ́? Bàbá jẹun, àwọn ọmọ jẹun, aláboyún wá ń ha ìdí ìkòkò. Òun gan-an ló yẹ kí a kọ́kọ́ bu ẹja àti ẹ̀fọ́ fún. Kó sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un ní ibi ìgbẹ̀bí lójoojúmọ́, bí ó tilẹ̀ ń sọ ìgbẹ́ rẹ̀ di dúdú.

Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá wú, tí irun rẹ̀ pọ́n, tó fẹ́lẹ́, ẹ má pè é ní sísanra, ẹ má sì pè é ní iṣẹ́ ayé. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ibẹ̀ bá jin tí kò tètè padà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n á fi okùn aláwọ̀ wọn apá rẹ̀. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa ni yóò fi hàn, ìyẹn ni pé àìjẹunre ti wọ̀ ọ́ lára gan-an. Bí wọ́n bá fún yín ní oúnjẹ ẹ̀pà inú ọ̀rá, oògùn ọmọ náà ni. Ẹ má pín in fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.